Penny-farthing onínṣì 52 l'Ékòó: kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó, kí n tó gùn ún?

Àrẹ̀mú_Láfíàjì

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́. Ìbéèrè mi kò jẹ mọ́ Volkswagen Ìjàpá tàbí Peugeot 404 lọ́tẹ̀ yìí. Kẹ̀kẹ́ ni, penny-farthing, èyí tí wíìlì iwájú rẹ̀ ga gọbọi tí ti ẹ̀yìn sì kéré. Ẹnìkan fẹ́ tà á fún mi ní ìlú Èkó níbí, ó sì gbà kí n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí n tó sanwó. Wíìlì iwájú jẹ́ ínṣì 52, ti ẹ̀yìn jẹ́ 18. Sípóòkù mẹ́rin ti já, rọ́bà iwájú ti sán wẹ́wẹ́, awọ ìjókòó ti gan, ìpáàrà sì ti bo ìdí sípóòkù lára họ́ọ̀bù tó wà láàrin wíìlì. Ó ní ojúlówó ni, pé nǹkan bí ọdún 1885 ni wọ́n ṣe é. Ẹsẹ̀ mi jẹ́ ínṣì 33 láti ibi tí itan méjèèjì ti pàdé dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè dá ojúlówó mọ̀? Ṣé kò ga jù fún mi? Ta ni kí n gbé ọ̀rọ̀ táyà àti sípóòkù lọ bá l'Ékòó? Báwo lèèyàn sì ṣe ń gun nǹkan yìí tí á tún sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀? Mo fẹ́ kó máa bá àwọn ọkọ̀ àtijọ́ jáde ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Mi ò fẹ́ gbé e kọ́ ògiri.

IrinÀtijọ́_Yábàá

Ẹ kú ìbéèrè, Àrẹ̀mú. Họ́ọ̀bù iwájú ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ẹ fi ọ̀dà sílẹ̀ ná. Lára ọ̀pọ̀ ojúlówó, ẹ kò ní rí nọ́ọ̀tì kékeré tí wọ́n fi ń fún sípóòkù nídìí ríìmù bíi ti kẹ̀kẹ́ Raleigh. Ẹnu sípóòkù fúnra rẹ̀ ni tírẹ́ẹ̀dì, ìlà tó yí po bíi ti bóòtù, wà, ó sì wọ inú họ́ọ̀bù lọ tààrà. Orí rẹ̀ ló há sínú ríìmù. Àwọn mìíràn wà tí sípóòkù wọn dábùú ara wọn bíi ti kẹ̀kẹ́ òde òní, torí James Starley, oníṣẹ́ kẹ̀kẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti gba ìwé àṣẹ lórí irú ìyẹn láti 1874. Nítorí náà, bí ẹ bá rí èyí tó dábùú, ẹ má torí rẹ̀ pè é ní ayédèrú.

Ẹ wo ọ̀pá ẹ̀yìn, èyí tó tẹ̀ kọrọdọ láti orí fọ́ọ̀kì wá sí wíìlì kékeré. Ó yẹ kó máa tín-ín-rín bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Bó bá jẹ́ páìpù tí ìsanra rẹ̀ dọ́gba láti òkè délẹ̀, tí ojú wẹ́dì sì hàn gbangba níbi tó ti so mọ́ fọ́ọ̀kì, ẹ̀dà ni. Ẹ̀dà tí wọ́n ṣe dáadáa fún gígùn kò burú, kí ẹ ṣáà má san owó ojúlówó lé e lórí. Èyí tó léwu ni èyí tí wọ́n ṣe fún ọ̀ṣọ́ inú ọgbà: ọ̀pá irin ni wọ́n wẹ́dì mọ́ ríìmù dípò sípóòkù, kò sì sí bẹ́árìn kankan nínú rẹ̀. Ẹ má gùn ún rárá.

Ní ti ọjọ́ orí, ọdún 1885 tó sọ ṣeé ṣe. James Starley yìí àti William Hillman gba ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́ gíga Ariel ní 1870, ìlú Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ náà sì ti gbilẹ̀ jù. Ọdún 1885 yẹn gan-an ni John Kemp Starley, mọ̀lẹ́bí James, gbé kẹ̀kẹ́ Rover jáde, oníṣéènì tí wíìlì rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Dunlop wá mú táyà alátẹ́gùn dé ní 1888, ìyẹn ló sì gba ọjà lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ gíga. Ẹ wá orúkọ ilé iṣẹ́ ní orí fọ́ọ̀kì, lára ọ̀pá ẹ̀yìn àti lára apá tó gbé pẹ́dà: Rudge, Singer, Humber tàbí Bayliss Thomas láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Columbia láti Amẹ́ríkà. Kẹrosíìnì díẹ̀ àti aṣọ rírọ̀ ni kí ẹ fi nu ibẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí sáńpépà kàn án, nọ́ńbà tí wọ́n lù sára irin lè parẹ́, kò sì sí ẹni tó lè dá a padà.

Ó wá ku gíga rẹ̀. Ààrin wíìlì gan-an ni pẹ́dà so mọ́, nítorí náà ìdajì wíìlì ni ẹsẹ̀ yín á kọ́kọ́ bá kọjá: ínṣì 26. Ẹ fi gígùn apá pẹ́dà kún un, 5½, àti ìwọ̀n tí ìjókòó fi ga ju orí táyà lọ, nǹkan bíi 2½. Gbogbo rẹ̀ di 34. Ẹ̀yin ní 33, nítorí náà wíìlì 50 ló bá yín mu jù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ apá pẹ́dà ìgbà náà ní ihò gbọọrọ tí wọ́n fi ń sún pẹ́dà sókè sódò. Bí tiyín bá ní in, ẹ sún un wá sí 5, kí ẹ sì wá ìjókòó tó lẹ̀ mọ́ ọ̀pá, tí kò ga ju 2 lọ. Ẹ ti dé 33 nìyẹn. Apá tó kúrú á jẹ́ kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ le láti gùn, àmọ́ ilẹ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó tẹ́jú.

Ẹ dán an wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ jókòó sórí rẹ̀, kí ẹnìkan di wíìlì mú, kí gìgísẹ̀ yín kan pẹ́dà nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bí ìdí yín bá ní láti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹsẹ̀ tó débẹ̀, ẹ má rà á bí iye rẹ̀ tilẹ̀ dára. Ẹni tí wíìlì ga jù fún kò lè fa pẹ́dà sẹ́yìn, pẹ́dà tí a ń fà sẹ́yìn ló sì ń dá kẹ̀kẹ́ yìí dúró.

Oníléètì_Mushin

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa Yábàá pé. Ẹ jẹ́ n gba ti sípóòkù àti táyà.

Ẹ wò ó dáadáa, ó dá mi lójú pé ìdí tírẹ́ẹ̀dì ni sípóòkù mẹ́rin yẹn ti já. Ibẹ̀ ni irin ti tín-ín-rín jù. Bí sípóòkù bá dẹ̀, gbogbo ìgbà tí wíìlì bá yí ló ń tẹ̀ tó ń nà níbẹ̀, títí yóò fi kán. Ìyẹn ni pé àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó já ti ń ru ẹrù tí kì í ṣe tiwọn. Ẹ fi èékánná ta wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ sì fetí sí i: èyí tó le á dún goro, èyí tó dẹ̀ kò ní dún kedere.

Ẹ má fi agbára yí èyí tó ti dógùn-ún mọ́ họ́ọ̀bù, á lọ́ já sí yín lọ́wọ́. Ẹ po kẹrosíìnì àti ọ́ìlì gíà ọkọ̀ ọ̀tọmátíìkì ní ìdajì sí ìdajì, kí ẹ máa kán an sí ìdí sípóòkù láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Nígbà tó bá ti wọlé, ẹ nu gbogbo rẹ̀ gbẹ, kí ẹ sì fi iná díẹ̀ ra ojú họ́ọ̀bù. Bí họ́ọ̀bù bá jẹ́ idẹ, ooru máa ń mú idẹ wú ju irin lọ, àyè á yọ díẹ̀. Ẹ wá yí sípóòkù náà síwájú díẹ̀, sẹ́yìn díẹ̀, títí tí yóò fi gbà. Kí rọ́bà ti kúrò lára ríìmù kí iná tó dé ibẹ̀ o.

Àwọn tó kán sínú: oníléètì á fi bíìtì tó kéré ju tírẹ́ẹ̀dì lọ lu ààrin wọn, á yọ ìyókù, á sì fi táàpù, irin tí wọ́n fi ń gé tírẹ́ẹ̀dì sínú ihò, tún ojú tírẹ́ẹ̀dì ṣe. Tírẹ́ẹ̀dì yẹn kì í ṣe ti mílímítà. Ẹ mú sípóòkù kan tó yè dání, kí wọ́n fi ìwọ̀n tírẹ́ẹ̀dì wò ó kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan họ́ọ̀bù. Bí ẹnìkan bá ní òun á fi táàpù M3, ti mílímítà, tì í wọlé, ẹ gba họ́ọ̀bù yín kí ẹ máa lọ.

Sípóòkù ọ̀kadà kò ṣeé lò. Ó ti tẹ̀ lọ́rùn, ó sì kúrú. Wíìlì 52 ń fẹ́ èyí tó gùn tó nǹkan bí ínṣì 22 sí 24, tó tọ́ gbọnrangandan. Ẹ fi kálípà wọn ìsanra èyí tó yè, kí ẹ wá wáyà irin líle tó bá a mu ní Ọwọ́dẹ Onírin. Wáyà tí àwọn bíríkìlà fi ń di irin rọ̀ jù, á kàn máa nà ni. Wọ́n á gé tírẹ́ẹ̀dì sí ẹnu kan, wọ́n á fi òòlù na ẹnu kejì kó di orí. Ẹ ṣe méjìlá, ẹ má ṣe mẹ́rin.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti wọlé, ẹ so wáyà tínínrín mọ́ fọ́ọ̀kì kí ṣóńṣó rẹ̀ sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ríìmù, ẹ yí wíìlì, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó bá ti kàn án. Ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí ni kí ẹ máa fún sípóòkù lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dẹ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó wá láti apá kejì họ́ọ̀bù níwọ̀n kan náà. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ẹni tó bá kánjú á mú ríìmù tẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ti táyà. Fọkanáísà kò ní ohun tó máa ṣe níbẹ̀, torí kò sí túùbù, kò sí afẹ́fẹ́. Rọ́bà líle ni, ìsanra rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ¾ tàbí ⅞ ínṣì. Láyé ọjọ́un, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi iná yọ́ ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ríìmù. Lónìí, ọ̀pọ̀ ń lo rọ́bà tó ní ihò láàrin: wáyà gba inú ihò náà kọjá, wọ́n fà á le, wọ́n sì fi fàdákà jó ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Rọ́bà náà gbọ́dọ̀ gùn ju ìyíká ríìmù lọ díẹ̀. Wọ́n á tì í sẹ́yìn kí ẹnu wáyà lè hàn fún jíjó, lẹ́yìn náà wọ́n á jẹ́ kó padà wá bo ojú ibẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ méjèèjì máa ti ara wọn. Bí wọ́n bá gé e kó ṣe géérégé pẹ̀lú ríìmù, kò ní pẹ́ tí àlàfo á fi yọ níbi tí ẹnu méjèèjì ti pàdé, ẹ ó sì máa mọ̀ ọ́n lára ní gbogbo yíyí.

Òkè òkun ni ẹ ti máa ra rọ́bà náà. Ẹ fi téèpù wọn ìsàlẹ̀ kòtò ríìmù yípo, kí ẹ sì fi ìwọ̀n yẹn ránṣẹ́. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún wọn pé 52. Jíjó wáyà ni ẹ lè ṣe l'Ékòó. Ẹ má gbé e lọ bá wẹ́dà onígéètì. Àwọn tó ń tún fìríìjì àti éésì ṣe ló mọ fàdákà jó, torí òun ni wọ́n fi ń jó páìpù bàbà. Rọ́bà tí a fi ń bomi rin òdòdó kò ṣeé fi dípò: á fẹ̀ pẹlẹbẹ lábẹ́ ẹrù, á sì yọ bọ́ nígbà tí ẹ bá ń yà.

Táyà tó tú léwu púpọ̀ lára kẹ̀kẹ́ yìí. Á bọ́ kúrò nínú ríìmù, á wé mọ́ fọ́ọ̀kì, wíìlì á dúró lójijì. Kí ẹ tó gùn ún nígbàkígbà, ẹ fi àtàǹpàkò ti táyà sẹ́gbẹ̀ẹ́ yípo. Bí ibì kan bá sún, ẹ má gùn ún.

Bàbá_Ológeere

Àrẹ̀mú ọmọ mi, sísọ̀ kalẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ kọ́.

Wo apá òsì ọ̀pá ẹ̀yìn, lókè wíìlì kékeré, wàá rí ìtẹ̀sẹ̀ kan níbẹ̀. Dúró lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, di hándù mú lọ́wọ́ méjèèjì, gbé ẹsẹ̀ òsì lé ìtẹ̀sẹ̀, kí o máa fi ẹsẹ̀ ọ̀tún ta ilẹ̀ bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ kan fò. Bí kẹ̀kẹ́ bá ti ń sáré bí ìrìn kíákíá, na ara sókè lórí ìtẹ̀sẹ̀ náà, jẹ́ kó gbé ọ lọ díẹ̀, kí o sì tún fi ẹsẹ̀ ọ̀tún sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn. Má jókòó. Má wá pẹ́dà. Ìyẹn nìkan ni kí o máa ṣe títí kò fi ní bà ọ́ lẹ́rù mọ́. Ìgbà náà ni kí o tó rọra rọ́ síwájú sórí ìjókòó, kí o jẹ́ kí pẹ́dà wá bá ẹsẹ̀ rẹ nígbà tó bá ń gòkè bọ̀. Má bojú wolẹ̀ wá a.

Pẹ́dà kì í dúró níwọ̀n ìgbà tí wíìlì bá ń yí. Bí o bá fẹ́ dín eré kù, tẹ pẹ́dà tó ń gòkè bọ̀, díẹ̀díẹ̀. Láti sọ̀, dín eré kù títí yóò fi tó ìrìn kíákíá, yọ ẹsẹ̀ òsì, nà án sẹ́yìn kan ìtẹ̀sẹ̀, gbé gbogbo ara rẹ lé e, kí o fi ẹsẹ̀ ọ̀tún kan ilẹ̀ kí o sì sáré tẹ̀ lé e díẹ̀. Má jọ̀wọ́ hándù. Ẹni tó bá jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ dúró tán kó tó wá ìtẹ̀sẹ̀ ti pẹ́ jù, ẹ̀gbẹ́ ló máa ṣubú sí.

Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá tẹ pẹ́dà, wíìlì á fẹ́ yà. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí o fi fa hándù nígbà náà, ọwọ́ òsì fún ẹsẹ̀ òsì. Bí orí fọ́ọ̀kì bá ti le jù, ọwọ́ kò ní lè tún un ṣe kíákíá. Bó bá dẹ̀ jù, á máa gbọ̀n. Kí o fún un níwọ̀n tó jẹ́ pé bí o bá gbé wíìlì iwájú sókè díẹ̀, hándù á yí fúnra rẹ̀ láìmì sókè sódò.

Ìṣubú síwájú ni èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ yẹ kó máa bà ọ́. Ìwọ tó jókòó, ààrin wíìlì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lábẹ́ rẹ tààrà. Ohunkóhun tó bá dá wíìlì iwájú dúró, ìbáà ṣe yanrìn, ihò gọ́tà tàbí búrèkì tí o fà jù, kẹ̀kẹ́ á dojú dé pẹ̀lú rẹ, hándù á sì di itan rẹ mú kí o má lè fò. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ìgbà náà fi máa ń gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kọ́ iwájú hándù bí wọ́n bá ń sọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí wọ́n lè fi ẹsẹ̀ balẹ̀ bó bá dojú dé. Àmọ́ ẹni tó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà kò ní ohun tó máa fi dúró mọ́ àfi búrèkì. Má ṣe é. Sọ̀ kalẹ̀ kí o tì í.

Má rò pé kẹ̀kẹ́ yìí kò lè rìn jìnnà o. Thomas Stevens gun Columbia onínṣì 50 kúrò ní San Francisco ní 1884, ó sì fi yí ayé po dé Yokohama ní 1886.

Àrẹ̀mú_Láfíàjì

Ẹ ṣé gan-an, bàbá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ihò gbọọrọ wà lára apá pẹ́dà náà, mo ti lọ wò ó. Búrèkì onírin kan wà tó ń tẹ orí táyà iwájú: ṣé kí n máa lò ó, tàbí kí n yọ ọ́? Àwọn tí a jọ fẹ́ jáde sì ń sọ pé agbádá ni ká wọ̀. Ojú ọ̀nà wo ló dáa?

Àdùkẹ́_Àkókà

Ẹ má yọ búrèkì, ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé e. Ó wà fún ìrànlọ́wọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti ń fa pẹ́dà sẹ́yìn. Ìka méjì ni kí ẹ fi fà á, ara yín sẹ́yìn. Bí ojú ọ̀nà bá tutù, irin á kàn máa yọ̀ lórí rọ́bà ni. Bí yanrìn bá lẹ̀ mọ́ táyà, á máa họ ọ́.

Agbádá, rárá. Apá rẹ̀ á wọ inú sípóòkù. Bùbá àti ṣòkòtò tó fún lẹ́sẹ̀ dára, kí ẹ di ẹnu ṣòkòtò, kí okùn bàtà wà nínú bàtà. Akoto ni kó wà lórí, ẹ lè fi fìlà sápò fún fọ́tò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, torí ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń kan ilẹ̀.

Ọ̀nà: òwúrọ̀ kùtù Sunday ní Marina àti Broad Street, kí ọkọ̀ àwọn tó ń lọ sí Cathedral tó kún ibẹ̀. Ìgboro Ìkòyí àtijọ́ náà ní ibòòji. Fún kíkọ́ṣẹ́, ẹ tọrọ àyè níbi ìgbọ́kọ̀sí gbàgede kan tó ní kọnkéré. Ẹ má dé afárá Third Mainland rárá, eré ọkọ̀ àti atẹ́gùn ibẹ̀ kò ṣeé bá ṣeré. Ti Carter náà, ẹ tì í gòkè ẹ tì í sọ̀. Lẹ́yìn òjò, ẹ má gba inú omi kankan tí ẹ kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bọ́ǹpù ṣeé gbà bó bá rọra ga: ẹ dojú kọ ọ́ tààrà, pẹ̀lú eré díẹ̀, kí ẹ gbé ìdí díẹ̀ kúrò lórí ìjókòó. Etí títì tí yanrìn bò ni kí ẹ sá fún jù.

Orí yín á ga tó mítà méjì ààbọ̀ dín díẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa wo wáyà iná tó rọ̀ sílẹ̀, ẹ̀ka igi àti ìbòrí ṣọ́ọ̀bù.

Pẹ̀lú àwọn ọkọ̀: wíìlì 52 ń lọ nǹkan bíi mítà 4.1 ní yíyí kan. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú kan, kìlómítà 15 ní wákàtí nìyẹn. Ọkọ̀ àtijọ́ tí ẹ bá fi sẹ́yìn yín á máa gbóná torí pé kò rí atẹ́gùn tó. Kí àwọn ọkọ̀ ṣáájú kí wọ́n dúró dè yín ní ibi tí ẹ bá jọ fẹnu kò sí, kí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó lágbára tẹ̀ lé yín lẹ́yìn, kó tan iná ìkìlọ̀, kó sì jìnnà tó mítà 20. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wà, ẹ sọ̀, torí gbogbo ìdúró jẹ́ ìsọ̀kalẹ̀ fún yín. Píkọ́ọ̀pù ni kó gbé e débẹ̀. Ẹ fi okùn di ọ̀pá ẹ̀yìn àti ríìmù, ẹ má di sípóòkù, ẹ má sì dà á dùbúlẹ̀ lé pẹ́dà.

Tó bá dọwọ́ yín, ẹ kun gbogbo irin rẹ̀ ní ọ̀dà tuntun. Afẹ́fẹ́ iyọ̀ etí òkun kì í ṣàánú irin.

IrinÀtijọ́_Yábàá

Gbogbo ohun tí àǹtí Àkókà sọ ni mo fara mọ́, àyàfi ọ̀dà tuntun. Ọ̀dà àtijọ́ tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀, pẹ̀lú níkẹ́ẹ̀lì tó ti ń ṣí, ni ẹ̀rí ọjọ́ orí rẹ̀. Bí ẹ bá họ ọ́ kúrò, ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́la á rí i bí ẹ̀dà. Ẹ fi aṣọ tí ọ́ìlì tínínrín wà lára rẹ̀ nu ìpáàrà títí tí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́, ẹ fi wáàsì tí wọ́n fi ń pa ara ọkọ̀ bò ó, kí ẹ sì máa nù ún lẹ́yìn gbogbo ìjáde etí ọ̀sà. Ọ́ìlì kò gbọ́dọ̀ kan táyà.

Àdùkẹ́_Àkókà

Mo gbà fún yín lórí ọ̀pá ẹ̀yìn àti hándù. Ṣùgbọ́n inú kòtò ríìmù, níbi tí rọ́bà máa bò, ẹ họ ìpáàrà ibẹ̀ dé irin funfun kí ẹ sì kùn ún. Kò sẹ́ni tó máa rí i, ibẹ̀ sì ni omi ti ń dúró jẹ ríìmù.

IrinÀtijọ́_Yábàá

Òótọ́ ni, ẹ kun inú ríìmù.

Ìjókòó ló kù. Awọ tó gan, ẹ má fi àdín tàbí epo kankan rin ín. Á rọ̀ jù, á sì rọ̀ sílẹ̀ kan irin abẹ́ rẹ̀. Wáàsì awọ díẹ̀ ni, lórí àti lábẹ́, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí atẹ́gùn ń gbà lásìkò òjò kí ó má baà bu. Bó bá ti sán níbi tí ìdè mú un, ẹ tọ́jú ti àtijọ́ sílé, kí aláwọ gé tuntun lórí ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ fọ bẹ́árìn pẹ̀lú kẹrosíìnì. Bí ihò ọ́ìlì bá wà lára rẹ̀, ọ́ìlì ẹ́ńjìn 30 ló ń fẹ́, ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta, kì í ṣe gírísì, torí gírísì á dí ihò náà.